Ráútà mẹ́ta nínú láptọ́ọ̀pù kan: bí kọ̀nténà ṣe ń di nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn ènìyàn ní ibi púpọ̀ lágbàáyé ń wá Google, wọn kò rí i. Ẹ̀rọ Google kò bàjẹ́. MainOne, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ló ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n to asẹ́ BGP wọn gbòdì, ni ráútà wọn, ẹ̀rọ tó ń darí ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà tó yẹ, bá sọ fún China Telecom pé ọ̀nà Google gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá. China Telecom gbà á gbọ́, ó tún sọ fún ẹlòmíràn, ni ẹrù tó ń lọ sí Google bá yà sí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. MainOne fúnra wọn ló jáde sọ pé àṣìṣe àwọn ni, pé ìṣẹ́jú 74 ni àwọn fi tún un ṣe.

BGP ni èdè tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńláńlá fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn. Kò sí ẹni tó máa fi ráútà tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́ kọ́ èdè yẹn. Ráútà gidi sì wọ́n, ẹ kò ní torí pé ẹ fẹ́ mọ bí BGP ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ lọ ra mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà fi ń to ráútà sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó sì gbòde nínú ọgbọ́n wọ̀nyí báyìí ni kí wọ́n kó wọn sínú kọ̀nténà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ènìyàn lójú. Ẹni tó bá ti kọ́ CCNA, ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco tó ń ṣe ráútà, mọ Packet Tracer tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé àfarawé ni: àṣẹ tí àwọn tó kọ ọ́ bá rántí fi síbẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó bá wá gbọ́ pé ráútà wà nínú kọ̀nténà, ó máa ń rò pé irú àfarawé kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Sọ́fítíwíà tó wà nínú kọ̀nténà yẹn, òun gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń lò lójú iṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe odidi ráútà ló bá a wọlé, ó dára kí ènìyàn mọ apá tó wọlé àti apá tó kù síta.

Iṣẹ́ ẹnu, iṣẹ́ ọwọ́

Iṣẹ́ méjì ni ráútà ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ẹnu: ó ń bá àwọn ráútà tó wà nítòsí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọ̀nà tí kálukú mọ̀, ó ń yan èyí tó dára jù, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì ni iṣẹ́ ọwọ́: bí pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ègé dátà kékeré, bá dé, ó wo àkọsílẹ̀ yẹn, ó tì í gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ jáde. Nínú ráútà ńlá tó ń gbé ẹrù ìlú, ṣíípù tí wọ́n dìídì ṣe fún un ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ìyára. Iṣẹ́ ẹnu ní tirẹ̀ kò ju sọ́fítíwíà lọ, sọ́fítíwíà sì lè wà níbikíbi tí kọ̀ǹpútà bá wà.

FRR ni sọ́fítíwíà ráútà tí a máa lò. Ìran rẹ̀ ti pẹ́. Kunihiro Ishiguro ló bẹ̀rẹ̀ Zebra ní Japan ní ọdún 1996; láti ara Zebra ni Quagga ti yọ, láti ara Quagga ni FRR sì ti yọ ní ọdún 2017, ó wà lábẹ́ Linux Foundation báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. FRR ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu. Bó bá ti yan ọ̀nà tán, ó fà á lé kernel lọ́wọ́, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, kernel ló sì ń ti pákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ di èyí mú, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló ń tú gbogbo ìṣòro tó kù: FRR ń pinnu, kernel ń gbé.

Kí ni kọ̀nténà fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ?

Ṣáájú kọ̀nténà, àwọn ènìyàn máa ń dá kọ̀ǹpútà odidi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní VM. VM kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀, ó sì ń jẹ RAM tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kọ́ ilé tirẹ̀ pẹ̀lú kànga, ògiri àti géètì. Kọ̀nténà ní tirẹ̀, yàrá nínú ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ ni: ilẹ̀kùn kálukú lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òrùlé kan ló bo gbogbo wọn, omi kan náà ni wọ́n ń pọn. Omi yẹn ni kernel. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù tí kò lè gbé VM ráútà mẹ́ta fi lè gbé kọ̀nténà FRR mẹ́wàá láì mí gúlegúle.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé láti bí ọdún 2008 ni kernel Linux ti lè fún ètò kọ̀ọ̀kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Wọ́n ń pè é ní network namespace. Ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ `eth1` lè wà nínú kọ̀nténà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má mọ èkejì. Àdírẹ́sì IP lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀nà lọ́tọ̀. Docker, ètò tí wọ́n fi ń dá kọ̀nténà sílẹ̀, tó dé ní ọdún 2013, kò dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀, ó kàn jẹ́ kó rọrùn láti lò ni. Nítorí náà, nígbà tí FRR inú kọ̀nténà kan bá fa ọ̀nà lé kernel lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ kọ̀nténà yẹn nìkan ni kernel ń kọ ọ́ sí.

Ó ku wáyà. Bí ẹ bá fi Docker nìkan dá kọ̀nténà mẹ́ta sílẹ̀, ojú kan náà ni Docker máa so gbogbo wọn pọ̀ sí, kálukú á máa rí ẹnìkejì rẹ̀ tààrà. Èyí kò wúlò fún wa. A fẹ́ kí A so mọ́ B, kí B so mọ́ C, kí A má rí C àfi bó bá gba ọ̀dọ̀ B kọjá. Linux ní ohun kan tó ń jẹ́ veth fún irú èyí: wáyà olórí méjì ni, ohun tó bá gba orí kan wọlé, orí kejì ló ń gbà jáde. Ẹ ó ti orí kan bọ inú kọ̀nténà kan, ẹ ó ti orí kejì bọ inú èkejì. Ẹ lè fi ọwọ́ ṣe é pẹ̀lú àṣẹ `ip link`, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ̀ pé kò sí idán níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó jẹ́ kí containerlab máa bá òun ṣe é.

Fáìlì kan ṣoṣo

Àwọn ẹnjiníà Nokia ló kọ containerlab, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní ọdún 2021. Ẹ ó ṣàpèjúwe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sínú fáìlì kan, òun á dá kọ̀nténà sílẹ̀, á fa wáyà. Ó nílò Linux tó ní Docker. Ẹni tó ń lo Windows lè gba inú WSL2, ìyẹn Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows. Bí ẹ ṣe máa gbé e wọlé wà ní containerlab.dev, àṣẹ ìlà kan ni. Ẹ rántí pé dátà yín ló máa fa ìdì FRR wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò tún gba íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ lè máa ṣe é nínú ọkọ̀.

Fáìlì náà rèé, mo pè é ní `ona.clab.yml`:

```
name: ona
topology:
  kinds:
    linux:
      image: quay.io/frrouting/frr:9.1.0
      binds:
        - daemons:/etc/frr/daemons
  nodes:
    eko:
      kind: linux
    ibadan:
      kind: linux
    ilorin:
      kind: linux
  links:
    - endpoints: ["eko:eth1", "ibadan:eth1"]
    - endpoints: ["ibadan:eth2", "ilorin:eth1"]
```

Ráútà mẹ́ta ni, Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin, pẹ̀lú wáyà méjì. Ìlà `binds` ń mú fáìlì `daemons` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ó ń fi í sínú kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. FRR kì í jí gbogbo èdè rẹ̀ fúnra rẹ̀: inú fáìlì yẹn ni ẹ ti máa rí `bgpd=no`, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di `bgpd=yes`. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa kọ àṣẹ BGP sí ráútà tí kò gbọ́ BGP.

Lẹ́yìn náà:

```
sudo containerlab deploy -t ona.clab.yml
docker exec -it clab-ona-ibadan vtysh
```

Àṣẹ kejì ló mú yín wọ inú ráútà Ìbàdàn; `vtysh` ni ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún FRR. Bó bá ráhùn pé òun kò rí `vtysh.conf`, ẹ má dá a lóhùn, kò ṣe nǹkan kan. Ojú tí ẹ máa rí níbẹ̀ jọ ti Cisco débi pé ẹni tó mọ ọ̀kan á mọ èkejì rìn.

Ẹ kíyè sí i pé wáyà wa bẹ̀rẹ̀ láti `eth1`, kì í ṣe `eth0`. `eth0` ni ẹnu ọ̀nà tí containerlab fi ń bá kọ̀nténà sọ̀rọ̀, ó so gbogbo wọn mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Docker kan tó ń lo 172.20.20.0/24. Kì í ṣe ara ohun tí ẹ ń kọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó sì máa dá yín láàmú láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀

A fún Èkó ní nọ́ńbà AS (nọ́ńbà tí BGP fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan mọ̀) 65001, Ìbàdàn 65002, Ìlọrin 65003. Nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé ni. Kálukú sì ní ilẹ̀ àdírẹ́sì tirẹ̀: 192.0.2.0/24 fún Èkó, 203.0.113.0/24 fún Ìbàdàn, 198.51.100.0/24 fún Ìlọrin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún àpẹẹrẹ nìkan, ẹ kò lè fi wọ́n ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́. Ti Ìbàdàn nìyí:

```
configure terminal
interface eth1
 ip address 10.0.12.2/24
interface eth2
 ip address 10.0.23.2/24
interface lo
 ip address 203.0.113.1/24
router bgp 65002
 neighbor 10.0.12.1 remote-as 65001
 neighbor 10.0.23.3 remote-as 65003
 address-family ipv4 unicast
  network 203.0.113.0/24
```

Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún Èkó àti Ìlọrin, kálukú pẹ̀lú aládùúgbò kan ṣoṣo. Ẹ wá padà sí Ìbàdàn, ẹ tẹ `show bgp summary`. Níbi tí ẹ ti ń retí iye ọ̀nà tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan ni ẹ máa bá: `(Policy)`. Ìbàdàn àti aládùúgbò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kí ara wọn, wọn kò sì sọ ọ̀nà kankan fún ara wọn.

Kì í ṣe àléébù. Láti ọdún 2017 ni òfin kan ti wà, RFC 8212, tó ní kí ráútà má ṣe gba ọ̀nà kankan lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì òde, kó má sì sọ ọ̀kankan fún un, àfi bí ẹni tó ni ín bá ti to asẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lè wọlé àti ohun tó lè jáde. FRR ń tẹ̀lé òfin yìí. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ máa rí káàkiri á kàn ní kí ẹ tẹ `no bgp ebgp-requires-policy` lábẹ́ `router bgp` kí ẹ máa lọ, wọn kì í sọ ìdí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ráútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ìdènà kan ni ẹ ń gbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn; bí kò bá tíì rìn, ẹ jáde kúrò nínú `configure`, kí ẹ tẹ `clear bgp *`. Ní Ìlọrin, `show ip bgp` á fi hàn pé 192.0.2.0/24 wà, pé 10.0.23.2 ni wọ́n á gbà, àti pé ipa rẹ̀ ni `65002 65001`. Ìyẹn ni pé ẹ gba Ìbàdàn kọjá, ẹ ó bá Èkó.

Ẹ wá ping 192.0.2.1 láti Ìlọrin, ìyẹn ni pé ẹ rán pákẹ́ẹ̀tì kan lọ kí ẹ wo bóyá èsì á padà. Kò ní dáhùn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń pa láptọ́ọ̀pù dé. Ọ̀nà wà nínú àkọsílẹ̀, ping kú. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀nà àlọ wà, àbọ̀ ni kò sí. Nígbà tí Ìlọrin rán ping, àdírẹ́sì ẹnu wáyà rẹ̀, 10.0.23.3, ló kọ síbẹ̀ pé òun ti ń bọ̀. Ping náà dé Èkó ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún Èkó níbi tí 10.0.23.0/24 wà, torí ilẹ̀ àdírẹ́sì nìkan ni a kéde, a kò kéde wáyà. Èkó wá wo ọ̀nà tó ń gbà bí kò bá mọ ibi tí nǹkan wà (default route), ìyẹn `eth0`, ó ju èsì gba ibẹ̀ jáde sínú láptọ́ọ̀pù yín, ibẹ̀ ló sì gbé ṣègbé. Ẹ jẹ́ kí Ìlọrin fi orúkọ tí Èkó mọ̀ rán ping:

```
docker exec -it clab-ona-ilorin ping -I 198.51.100.1 192.0.2.1
```

Á dáhùn. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹ wo `/proc/sys/net/ipv4/ip_forward` ní Ìbàdàn: bó bá jẹ́ 0, FRR ti pinnu, ṣùgbọ́n kernel kò gbà láti gbé.

Ẹ ti tú ọ̀nà onílé síta

Ẹ tún ohun tó wà lójú Ìlọrin wò. Èkó sọ ọ̀nà rẹ̀ fún Ìbàdàn. Ìbàdàn tún un sọ fún Ìlọrin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó sọ ọ́. Bí Èkó bá jẹ́ Google, tí Ìbàdàn jẹ́ MainOne, tí Ìlọrin jẹ́ China Telecom, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018 gan-an lẹ jókòó tì yìí. MainOne àti Google pàdé ní IXPN, ojú ọjà íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà tó wà ní Èkó, wọ́n ń sọ ọ̀nà fún ara wọn níbẹ̀. Fún lílo MainOne àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n á gbé lọ fún ẹlòmíràn.

Ráútà kò mọ ìyẹn. Nínú BGP bí a ṣe tò ó yìí, kò sí ohunkóhun tó ń sọ fún un pé aládùúgbò yìí ń sanwó fún mi, tọ̀hún ọ̀rẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé Ìlọrin ń sanwó fún Ìbàdàn kó lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé Èkó ni, ohun kan náà tí Ìbàdàn ṣe yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àdéhùn àárín ènìyàn ló sọ ọ́ di àṣìṣe, asẹ́ la sì máa fi sọ àdéhùn yẹn fún ẹ̀rọ. Ní Ìbàdàn:

```
ip prefix-list TIWA permit 203.0.113.0/24
route-map SI-ILORIN permit 10
 match ip address prefix-list TIWA
router bgp 65002
 address-family ipv4 unicast
  neighbor 10.0.23.3 route-map SI-ILORIN out
```

Ó túmọ̀ sí pé ohun tó jẹ́ tiwa nìkan ni ká sọ fún Ìlọrin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, 192.0.2.0/24 á pòórá ní Ìlọrin. Ping tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí lẹ́ẹ̀kan á kú, kíkú yẹn sì ni àmì pé ẹ ti ṣe é re. Ẹ yọ asẹ́, ó jí. Ẹ dá a padà, ó kú.

Ẹ lè lọ síwájú díẹ̀ sí i. Kí asẹ́ wà ní yíyọ, ẹ wá fi àṣẹ yìí ba wáyà Ìbàdàn jẹ́:

```
sudo containerlab tools netem set -n clab-ona-ibadan -i eth1 --delay 200ms --loss 20
```

Ping Ìlọrin á máa wọ́, òmíràn kò ní dé rárá. Báyìí ni ó ṣe ń rí fún ẹni tó ń wá Google nígbà tí ẹrù ayé bá já lu ọ̀nà tí kò lè gbà á.

Ohun tí kò sí níbẹ̀

Gbogbo èyí tí ẹ rí ni iṣẹ́ ẹnu, ó sì jẹ́ òótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kò bá a wá: kernel láptọ́ọ̀pù yín ló ń gbé pákẹ́ẹ̀tì, òun kan náà fún ráútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ẹ má ṣe wọn ìyára níbẹ̀ kí ẹ wá kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fi ra ráútà. Iye ọ̀nà tí ṣíípù kan lè gbà kó tó kún, bí iná ṣe ń tàn lára kébù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ráútà bá gbóná, kò sí èyí tí lábù yìí lè dáhùn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ráútà ló wà ní ìdì kọ̀nténà. Nokia ń fi SR Linux sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fà wálẹ̀, àmọ́ ó tóbi ju FRR lọ dáadáa. cEOS ti Arista wà, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó rí i gbà. Àwọn ráútà kan wà tó jẹ́ pé VM nìkan ni ẹni tó ṣe wọ́n ń gbé jáde. Ètò kan tó ń jẹ́ vrnetlab máa ń di irú VM bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀nténà kí containerlab lè fa wáyà sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di fífúyẹ́: VM náà ṣì wà nínú pẹ̀lú kernel tirẹ̀, ó sì lè bèèrè gígábáìtì RAM mélòó kan fún ráútà kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ṣe tán, `sudo containerlab destroy -t ona.clab.yml` á pa kọ̀nténà àti wáyà rẹ́. Ohun tí ẹ tẹ̀ sínú `vtysh` á bá a lọ, kódà bí ẹ bá tẹ `write memory`, torí inú kọ̀nténà yẹn náà ló kọ ọ́ sí. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ da ohun tí `show running-config` bá gbé jáde sínú fáìlì `frr.conf` kan fún ráútà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi `binds` so ó mọ́ `/etc/frr/frr.conf` bí a ṣe so `daemons`. Nígbà míì tí ẹ bá tẹ `deploy`, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jí pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀.